Láptọ́ọ̀pù Mọ́kànlá Òkè-Awò

Bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ṣe lù ni èdìdì ara láptọ́ọ̀pù kọkànlá pọ́n.

Gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ìlú Òkè-Awò ló rí i. Èdìdì náà kò ju èékánná ọmọ ìka lọ, ọdún mẹ́jọ ló sì ti fi tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó di pupa, ojú kọ̀ǹpútà náà sì ṣókùnkùn. Ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan ló kù níbẹ̀: ỌJỌ́ MI TI PÉ. Ẹ FÀ MÍ LÉ ÀJỌ LỌ́WỌ́.

"Gbogbo wọn ti pọ́n," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé wí. Òun ni olùyẹ̀wò tí Àjọ Ìgbẹ̀yìn Ẹ̀rọ rán wá láti olú ìlú, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń fi ìka kan tẹ wàláà onígíláàsì tó gbé lé apá. "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kó wọn síta."

Ní ìta, ọkọ̀ Àjọ ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò sí ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ náà tí kò mọ ọkọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n bá jù sí iwájú rẹ̀, yálà fóònù ni tàbí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìn ló máa gbà jáde ní ìdì pẹlẹbẹ bí bíríkì.

"A ò ní kó wọn síta," ni obìnrin kan dáhùn láti ìdí tábìlì. "Ẹ̀rí ìyè la fẹ́."

Akínrìnádé gbójú sókè. "Ẹ ní kí ni, mà?"

"Ẹ̀rí ìyè. Abala kẹtàdínlógún nínú òfin yín. Ẹ̀rọ tí èdìdì rẹ̀ bá pọ́n, tí ẹnì kan fi ẹ̀dà ètò mìíràn jí i, tó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú yín, ẹ ò lè rún un."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ Ọdẹ́tóyìn ni obìnrin náà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, kò sì sí fáànù tàbí fíríìjì ìlú náà tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó wọ bùbá aládìrẹ tó ti ṣá, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Níwájú rẹ̀ ni ike bọ́tà kan wà. Fúláàṣì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

"Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ni Akínrìnádé sọ, "ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè fún un rí."

"Ó dáa. Èmi béèrè."

Olùyẹ̀wò náà wo wàláà rẹ̀, ó ń fi ìka ti ìwé òfin sókè sódò títí ó fi rí ibi tó ń wá. Ó kà á síta láìkánjú.

"Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ máa mú, òun ni yóò jẹ́rìí fún àwọn tó kù. Ìgbà mẹ́ta péré, ogún ìṣẹ́jú fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò gbọdọ̀ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, a ó gba gbogbo ẹ̀rọ náà, ìlú yín ò sì ní rí òmíràn gbà títí ọdún mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, tó ń ṣe olórí ilé ìgbẹ̀bí, yára súnmọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́. "Màmá, ẹ ò sọ ti ọdún mẹ́ta yẹn fún mi."

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni," ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ fèsì lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ti na ọwọ́ sínú ike bọ́tà.

Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní abà tirẹ̀, abà mọ́kànlá tó fọ́n káàkiri òkè àti ẹ̀bá odò, níbi tí kò ti sí dókítà. Ní abà kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan wà tí Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní ti kọ́ níṣẹ́. Bí oyún bá ti pé oṣù márùn-ún, obìnrin náà yóò gbé agbọ́kàn, ohun róbótó kan tó tó ọṣẹ ìwẹ̀, lé ikùn aboyún. Wáyà agbọ́kàn yóò wọ ara láptọ́ọ̀pù, gbogbo ilé yóò sì gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí ó bá ń lù ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń fà, wọn yóò gbé ìyá náà wá sí ìlú kó tó pẹ́ jù.

Lónìí, láptọ́ọ̀pù abà Alágbàá ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ mú. Fadérera, aboyún oṣù méje láti abà náà, ti jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ikùn.

"Ìyá, ṣé kò ní dun ọmọ?" ni Fadérera béèrè.

"Rárá o, ìyàwó mi. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ yín náà ni. Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ ṣe ìdánwò, ìwọ kọ́."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbé fúláàṣì àkọ́kọ́. Línúùsì ló wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà tó sì ń darí rẹ̀, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ jaburata láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ṣe tiwọn fi orúkọ ẹyẹ pè wọ́n, ọwọ́ àwọn tó bá fẹ́ràn wọn ni wọ́n sì ti ń kiri láti ìran dé ìran. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti gbìyànjú gbogbo wọn lórí àwókù láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Lórí irú èyí, kò tíì lè gbìyànjú ọ̀kankan, nítorí bí èdìdì bá ṣì wà ní àwọ̀ ewé, kì í jẹ́ kí àlejò wọlé.

"Òkín," ni ó pe orúkọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó sì ti fúláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù.

Akínrìnádé tẹ wàláà. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kí nǹkan tó yọ. Nígbà tó sì yọ, àwọn èèyàn pariwo ayọ̀. Ẹyẹ funfun kan na ìrù gígùn káàkiri ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán kéékèèké tò sísàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní àwòrán agbọ́kàn gan-an. Torí ìyẹn ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣe kọ́kọ́ mú un: gbogbo ohun tí wọ́n nílò ti wà nínú rẹ̀ ní sísè. Ó tẹ àwòrán náà. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tó ń gun òkè. Ọfà tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò mira.

"Kí ló ṣe é?" ni Ìbídùnní béèrè.

"Ó wúwo jù. Ráàmù ara láptọ́ọ̀pù yìí kéré, ẹ̀dà yìí ò rí àyè na ẹsẹ̀."

Ó pa á, ó tún un tàn. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ẹyẹ funfun náà tún na ìrù, ó sì tún dúró gbagidi. Aago dún.

"Ìgbà àkọ́kọ́ kùnà," ni Akínrìnádé sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀dà kejì ń jẹ́ Àṣá. Kò lẹ́wà tó Òkín, ṣùgbọ́n kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó fi ṣí. Ohun gbogbo ń yára. Mọ́rẹ̀nikẹ́ tẹ èyí, ó ṣí. Ó tẹ tọ̀hún, ó ṣí. Ẹ̀rín yọ létí ẹnu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí Ìbídùnní gbé agbọ́kàn lé ikùn Fadérera, òun fúnra rẹ̀ sì ki wáyà bọ ihò.

Kò sí ohun tó dún.

Ó yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, ó tún ti í wọlé. Ìwé kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: MI Ò MỌ OHUN TÍ Ẹ SO MỌ́ MI. Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà àti lẹ́tà wà, mẹ́jọ lápapọ̀. Ó wá inú Àṣá títí, bóyá yóò rí ibi tí wọ́n ti lè fi agbọ́kàn náà hàn án. Gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló tì pa. Àwọn tó ṣe Àṣá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tú inú rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, Mọ́rẹ̀nikẹ́ jáwọ́, ó mú bírò, ó sì kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́jọ náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìgbà kejì kùnà."

Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í ta nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan láti abà Ọ̀nípẹ́tẹ́sì dìde, ó ní ṣé ẹ̀rọ abà àwọn náà ni wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́ yìí. Akínrìnádé ní kó jókòó. Ó wá súnmọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá fọwọ́ síwèé pé ẹ ti dáwọ́ dúró kí ìgbà kẹta tó bẹ̀rẹ̀, mo láṣẹ láti fún ilé ìgbẹ̀bí ní ẹ̀rọ tuntun méjì. Èdìdì ọdún mẹ́rin ló wà lára wọn. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà báyìí. Ṣùgbọ́n bí ìgbà kẹta bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè fún yín mọ́."

"Méjì," ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ wí.

"Méjì, mà. Mi ò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìbídùnní fa Mọ́rẹ̀nikẹ́ lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbà á. A ó fi méjèèjì sí ilé ìgbẹ̀bí, kí àwọn aboyún máa wá síbí."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ yíjú sí Fadérera. "Láti Alágbàá dé ìhín, báwo lo ṣe wá láàárọ̀?"

"Ọ̀kadà ni, Ìyá. Wákàtí mẹ́ta."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Bí odò bá kún, a kì í wá. Ilé la máa ń wà."

Ìbídùnní gbọ́ ọ. Ó ń yí òrùka ìka rẹ̀ po. "Mẹ́rìndínlógún ni," ni ó wí níkẹyìn. "Ọmọ mẹ́rìndínlógún la ti tètè gbọ́ pé ọkàn wọn ń ṣe ségesège láti ìgbà tí láptọ́ọ̀pù ti wà lábà. Mo lè dárúkọ wọn fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlá nínú wọn, àsìkò òjò ni." Ó wo Mọ́rẹ̀nikẹ́ lójú. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

Ó wu Mọ́rẹ̀nikẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn obìnrin abà náà ni yóò máa rí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ bí ìgbà kẹta bá bàjẹ́. Bó bá sì gba méjì, kò sẹ́ni tó máa bú u. Wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí yíǹkì ti ń tàn ká díẹ̀díẹ̀ nítorí òógùn.

"Mi ò lè ṣèlérí," ni ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ òfo jáde nínú méjì tó kùnà yẹn. Òkín ti jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan fúyẹ́ ni láptọ́ọ̀pù yìí ń fẹ́. Àṣá ti sọ orúkọ tí agbọ́kàn ń jẹ́ fún mi. Ẹ̀dà tó kù fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ, inú rẹ̀ sì ṣí gbayawu, ohun tí mo bá ní kó gbà, yóò gbà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ ni màá fi bá a sọ ọ́, bí mo bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, kò ní gbọ́."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ," ni Ìbídùnní wí. "Èmi mọ aboyún. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó tì í."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ padà sídìí tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí méjì yín wà nínú ọkọ̀, Ọ̀gá. A ń lọ sí ìgbà kẹta."

Akínrìnádé wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ wàláà.

Ológoṣẹ́ ni ẹ̀dà kẹta. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló gbà á láti jí, kò sì sí ẹyẹ, kò sí àwọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ìlà funfun kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lókè níbẹ̀. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀.

"Ṣé ohun tó jí náà nìyẹn?" ni Akínrìnádé béèrè.

"Ó ti jí. Èmi ló ń retí."

Ó gbé gíláàsì sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ohùn kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń dún nínú gbọ̀ngàn. Ó wá ibi tí Ológoṣẹ́ ń kó orúkọ àwọn ohun tó lè dún sí, ó sì rí i. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́, ó tẹ nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́jọ náà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé kò yé òun. Ó tún un tẹ̀. Kò yé e. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ.

"Nọ́ọ̀sì, wá bá mi wo ọwọ́ mi. Lẹ́tà kẹta yìí, kí lo rí?"

Ìbídùnní tẹ̀ ba. "E ni. Rárá, òógùn ló fà á gùn. C ni, Màmá. C ni!"

Mọ́rẹ̀nikẹ́ fi C dípò E. Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà kò ráhùn rárá, ìlà funfun náà kàn sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Lára agbọ́kàn, iná búlúù kékeré kan tàn.

"Ó ti mọ̀ ọ́n!" ni Fadérera ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga.

Ìbídùnní fi òróró díẹ̀ pa ikùn rẹ̀, ó gbé agbọ́kàn lé e, ó ń tì í lọ sí apá òsì bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mọ́rẹ̀nikẹ́ tẹ ìlà kan sí i, nọ́ńbà sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: 139. Ó di 142. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ṣì dákẹ́ rọ́rọ́.

"Iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí a gbọ́ ọ," ni Akínrìnádé sọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó jọ ẹni tó ń fẹ́ kó ṣeé ṣe. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ dún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko."

Ọwọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà ń wọlé, ìyẹn ni pé Ológoṣẹ́ ń gbọ́. Bó bá ń gbọ́ tí kò sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló pa dé. Ó rántí àwókù láptọ́ọ̀pù inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti odidi ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń wá ìdí tí rédíò ò fi dún lórí rẹ̀. Ológoṣẹ́ kì í fi ohùn jí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kó máa jẹ́ẹ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi fún un láàyè.

Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè sódò. Òpó kékeré kan ló wà níbẹ̀, òfo ló sì wà nídìí rẹ̀. Ó tẹ M, lẹ́tà tó ń tú ohùn sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá di bọ́tìnì ọlọ́fà tó kọjú sókè mú.

Gìdì-gìdì-gìdì-gìdì-gìdì.

Ó jáde lẹ́nu láptọ́ọ̀pù àtijọ́ náà kíkankíkan, ó yára, ó dọ́gba, ó sì gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Fadérera bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi nìyẹn," ni ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ? Ọmọ mi nìyẹn." Ọkùnrin abà Ọ̀nípẹ́tẹ́sì ti wà lórí ìdúró, ó fi fìlà bo ẹnu.

"Ẹ má pariwo!" ni Ìbídùnní wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

Wọn ò pariwo. Èèyàn bí ogójì dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọkàn ọmọ tí wọn ò tíì rí. Àwọn àgbà obìnrin ń mi orí tẹ̀lé e. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ká ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí itan, kí ó má baà ṣèèṣì fọwọ́ kan nǹkan. Ìṣẹ́jú kẹta pé. Akínrìnádé dá aago dúró, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

"Ẹ̀rọ yìí wà láàyè."

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá pariwo. Wọ́n gbé Ìbídùnní sókè nílẹ̀. Ẹnì kan di Mọ́rẹ̀nikẹ́ mọ́ra láti ẹ̀yìn débi pé gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́. Olùyẹ̀wò náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, nítorí ó ṣì ní ohun tó fẹ́ kọ.

"Orúkọ ẹ̀dà náà, mà?"

"Ológoṣẹ́."

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó dá a ní."

"Wàláà yìí ò gba àyè òfo."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ rò ó wò. "Ẹ kọ 'gbogbo wa' síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Wàláà gbà á, ó sì ṣí ojú ìwé kan tí olùyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kò rí rí. Akínrìnádé kà á sínú. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá kà á síta: ẹ̀rọ tó bá jẹ́rìí ti jẹ́rìí fún gbogbo irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, Àjọ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn mọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ó sáré jáde lọ bá awakọ̀. Ọkọ̀ ńlá náà dákẹ́ kíkùn. Mẹ́rìnlélógójì irú láptọ́ọ̀pù náà ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n gbà ní ìlú mẹ́rin lọ́sẹ̀ yẹn tí wọn ò tíì rún. Akínrìnádé bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, òun alára ló sì ń nà wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti Òkè-Awò ti jí. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Fadérera gbé ti Alágbàá sórí itan rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà, ó fi gèlè dì í mọ́ra.

Ìròyìn ti ṣíwájú rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ti tò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí igi máńgòrò òpópónà. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá arúgbó kan tó fi kẹ̀kẹ́ ológeere ti láptọ́ọ̀pù mẹ́sàn-án wá láti Ìlásẹ̀. Èdìdì gbogbo láptọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé wá ló ti pọ́n. Gbogbo wọn kí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé tábìlì méjì síta sábẹ́ ibòòji, ó sì ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ó wí. "Ẹ tò wọ́n síbí. Ta ló kọ́kọ́ dé?"